Búùṣì ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́sàn-án: ta ló jẹ̀bi?

Lẹ́tà tó wà lórí tábìlì mi lọ́sẹ̀ yìí kò kéré, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà níbẹ̀ tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbé e sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí n fi orúkọ bo òun láṣìírí. Láńdírófà àtijọ́ ló ní, One Ten, òun ló fi ń kó iṣu àti ẹ̀gẹ́ láti oko lọ sọ́jà l'Ókè-Ògùn. Ẹ gbọ́ ohun tó wí:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pààrọ̀ búùṣì ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ yìí láàárín oṣù mẹ́sàn-án. Bí a bá ti pààrọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kò ní í pẹ́, 'gbòkò, gbòkò' á tún bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á fẹ́ wọ igbó. Mẹkáníìkì mi ní ayédèrú ọjà ni wọ́n ń tà fún mi. Ẹni tó ń tà á ní mẹkáníìkì mi ni kò mọṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ojú mi ló ṣe ṣiṣẹ́ yìí. Ó dè é pa pátápátá kó tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ lórí jáàkì. Ìyàwó mi ti ní òun ò wọ ọkọ̀ náà mọ́, ọmọ òun náà ò sì ní í wọ̀ ọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́?"

Àbúrò mi, ìyàwó rẹ ni kó o kọ́kọ́ gbà gbọ́. Ọkọ̀ tó ń fẹ́ wọ igbó nígbà tí wọ́n bá tẹ bíréèkì, kì í ṣe ọkọ̀ tí à ń gbé ọmọ sí. Jẹ́ kí iṣu dúró lóko ná.

Ní ti àwọn méjì tó kù, inú lẹ́tà rẹ gan-an ni ẹjọ́ wà, o kàn kọjá lórí rẹ̀ ni. O ní ó dè é pa kó tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni!

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ búùṣì, irin róbótó méjì ni, ọ̀kan wà nínú èkejì, rọ́bà ló wà láàárín tó lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì. Irin òde ni wọ́n ń fi prẹ́ẹ̀sì tì wọ ojú ihò àámù. Irin inú ni bóòtù ń gbà kọjá. Lára One Ten tó jáde lọ́dún 1983, tí wọ́n wá sọ irú rẹ̀ ní Defender lọ́dún 1990, àámù gígùn kan wà lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, àwọn ló di ọ̀pá irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ mú, èyí tí wọ́n ń pè ní ákísù. Búùṣì méjì ló wà níbi tí àámù kọ̀ọ̀kan ti gbá ákísù mú, ìyẹn jẹ́ mẹ́rin. Ọ̀pá mìíràn tún dábùú, tí kì í jẹ́ kí ákísù yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun náà ní búùṣì kọ̀ọ̀kan ní ìdí méjèèjì. Bí rọ́bà wọ̀nyí bá ti já, ẹ ò rí i pé ákísù ti di aláìlólùdarí? Ẹ tẹ bíréèkì, ó rìn, ọwọ́ ọkọ̀ sì bá a lọ.

Nísinsìnyí, bí wọ́n bá ti de bóòtù, irin inú kò lè yí mọ́ láéláé. Bí táyà bá já sí kòtò, tí àámù lọ sókè tó sì bọ̀ wálẹ̀, rọ́bà ló ń lọ́, tó sì ń padà sípò. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe é fún nìyẹn, lílọ́ díẹ̀ kì í pa á lára. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dè é nígbà tí ọkọ̀ wà lókè tí táyà ń fì dirodiro, ibi tí àámù rọ̀ sí yẹn ni rọ́bà á mú bí ìdúró rẹ̀. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ti lọ́ kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ síná. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ní kó yí ọrùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó sì máa roko bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Kòtò kọ̀ọ̀kan á tún wá fi tirẹ̀ kún un. Rọ́bà tó dáa jù lọ láyé kò lè fara dà á pẹ́.

Má bá mẹkáníìkì rẹ jà o. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀ọ̀mù. Ọkọ̀ oníbàárà mi kan padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo ní ayédèrú ni. Mo gbéra, mo lọ bú ẹni tó ta búùṣì níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀, mo pè é ní olè. A ra òmíràn níbòmíràn, ọkọ̀ tún padà wá. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló yà kí mi lọ́jọ́ náà, ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó bi mí pé, "Nígbà tó o ń dè é, níbo ni táyà wà?" Mo ní ó wà lókè. Bàbá kàn pòṣé ni. Mo dá owó iṣẹ́ padà fún oníbàárà. Nígbà tí mo máa fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí mo bú láti tọrọ àforíjì, ó ti kó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. N kò rí i mọ́ títí dòní.

Ó yá, bí ẹ ó ṣe ṣe é rèé. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni kí ọkọ̀ wà, kí òkúta di táyà ẹ̀yìn. Bí jáàkì bá ti gbé e, kí ẹ ti sítáǹdì onírin bọ abẹ́ férémù rẹ̀, kí nǹkan sì gbé ákísù náà dúró. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì ṣe é, mo bẹ̀ yín! Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ènìyàn ló sì máa wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣe apá kan parí kí ẹ tó tú èkejì, kí ákísù má baà sá kúrò nípò.

Àwọn kan máa ń dáná sun búùṣì àtijọ́ kó lè jáde. Èéfín rọ́bà kò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró, iná náà sì lè ba irin àámù jẹ́. Ẹ gbé àámù lọ sọ́dọ̀ àwọn oníprẹ́ẹ̀sì. Kí wọ́n fọ ìpẹtà inú ihò kúrò, kí wọ́n ti tuntun wọlé tààrà, etí irin òde ni kí wọ́n sì tẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ àárín, rọ́bà ti já nìyẹn. Bó bá ń fẹ́ nǹkan yíyọ̀, omi ọṣẹ ti tó. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì a máa jẹ rọ́bà.

Bí àámù bá ti padà sípò, ẹ de bóòtù náà wẹ́rẹ́ lásán. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ pátápátá sórí táyà rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n sókè sódò kó lè jókòó dáadáa. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ lọ dè é pa. Láńdírófà ga, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ènìyàn ráyè lábẹ́ rẹ̀ láìfi jáàkì gbé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún fi sípánà kan bóòtù wọ̀nyẹn wò. Bó bá ṣì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́yìn gbogbo èyí, bíréèkì fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò.

Wọ́n á sọ fún ọ pé kó o ra polyurethane, èyí tó le, tó máa ń ní àwọ̀ pupa tàbí búlúù. Òótọ́ ni pé ìyẹn kì í lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀, ó ń yí lórí rẹ̀ ni, nítorí náà dídè é lókè kì í ṣe é bíi ti rọ́bà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ gíríìsì sílíkónì, bó bá gbẹ á máa ké bí eku, líle rẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí kòtò dé eegun ẹ̀yìn ẹni. Ní ojú ọ̀nà oko, èmi á mú rọ́bà. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rárá o. Rọ́bà a máa gbó bó tilẹ̀ wà lójú kan.

Fi ìwé ìròyìn yìí han mẹkáníìkì rẹ, kẹ́ ẹ jọ kà á. Kó o sì kọ lẹ́tà sí mi bí oṣù mẹ́fà bá pé, kí n mọ̀ bóyá ìyàwó ti gbà láti wọkọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bèèrè nípa rádíétọ̀ tó ń hó, mo rí lẹ́tà yín. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.