TA NÍ Ń LÉ YÍN?



Gbogbo Sátidé, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwa bíi mẹ́jọ máa ń pàdé ní Ìlobùú, a ó gba Ìfọ́n-Ọ̀ṣun kọjá, ká tó yí padà. Máratọ́ọ̀nù Èkó la ń múra fún. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo bí àwọn ọ̀gá wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀! Wọ́n á fò jáde bí ẹni tí olè já fóònù rẹ̀ gbà. Kìlómítà kejì ni wọ́n á ti bojú wẹ̀yìn, wọ́n á ní, "Ìyá Àgbà, ṣé ìsìnkú lẹ ń lọ ni?" Èmi ni Ìyá Àgbà o. Tó bá di kìlómítà kejìlá, wọ́n á ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n ń wá ọ̀kadà. Ìyá Àgbà á sì kọjá, á kí wọn: "Ẹ kú ìjókòó o."

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Eré gígùn kì í ṣe ìdíje. Kò sẹ́ni tó ń dúró de yín ní Ìfọ́n pẹ̀lú ife ẹ̀yẹ. À ń sá a kí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti iṣan lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ́. Tí o bá rọra sá, ọ̀rá ni ara ń lò jù, ọ̀rá kì í sì í tán bọ̀rọ̀. Tí o bá sá àsápajúdé, ṣúgà tó wà nínú iṣan lo ń ná, ìyẹn ò sì pọ̀. Kìlómítà 42 àti mítà 195 ni máratọ́ọ̀nù. Ẹni tó bá ná ìná àpà ní ìbẹ̀rẹ̀, tó bá di nǹkan bíi kìlómítà 30, ẹsẹ̀ rẹ̀ á di òkúta.

Báwo lo ṣe máa mọ ìwọ̀n rẹ? Kò gba aago olówó ńlá. Tí o bá lè sọ odidi gbólóhùn láì mí hẹlẹhẹlẹ, o wà láyè rẹ. Tí o bá ń fi ọwọ́ dáni lóhùn, o ti kọjá àyè rẹ. Tí kìlómítà àkọ́kọ́ bá gbà ọ́ ní ìṣẹ́jú méje, kí ìkẹẹ̀ẹ́dógún náà gba ìṣẹ́jú méje. Ó parí.

Wọ́n á ní, "Àwọn ará Kenya ńkọ́? Ṣé àwọn náà ń rọra ni?" Ó dáa. Ní Chicago, lọ́dún 2023, Kelvin Kiptum sá máratọ́ọ̀nù tó yára jù lọ láyé nígbà náà: wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Ìdajì àkọ́kọ́ gbà á ní ìṣẹ́jú 60 àti ìṣẹ́jú àáyá 48. Ìdajì kejì, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 47. Ẹ gbọ́? Ìparí ló fi yára ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ!

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Ní 2025, nígbà tí ìjà ilẹ̀ mú kí ìjọba kéde kónílé-ó-gbélé nílùú wa, ta ló jẹ́ sáré? Nígbà tí ọ̀nà là, mo ní kí n san gbèsè gbogbo ọjọ́ tó lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúnkún mi ló san án, oṣù méjì gbáko.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ọmọ ọdún kìíní kan dara pọ̀ mọ́ wa. Ó fẹ́ bá àwọn ọ̀gá dọ́gba, ó sá tẹ̀lé wọn, ó bì sójú títì. Àwọn ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ò wá mọ́, ó ní eré ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ òun. Irọ́ ni! Eré wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ lé e lọ.

Àbí ẹ ò mọ ìlú tí à ń gbà kọjá ni? Ìlú Òrìṣà Olúfọ́n ni Ìfọ́n, Ọbàtálá arúgbó aláṣọ funfun. Ìtàn ní ó dìde láti lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Èṣù ba aṣọ rẹ̀ jẹ́ lọ́nà. Ó wẹ̀, ó pààrọ̀ aṣọ, ó ń bá ìrìn rẹ̀ lọ. Wọ́n tilẹ̀ tì í mọ́lé láìṣẹ̀, síbẹ̀ ó fojú kan Ṣàngó. Ní Bahia, ní Brazil, wọ́n ṣì ń jó ijó rẹ̀ dòní: wọ́n á tẹ̀ lé ọ̀pá, wọ́n á máa gbẹ́sẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìgbín sì ni oúnjẹ rẹ̀, ìgbín tó ń rọra gun igi títí dé òkè.

Òrìṣà tó ni ilẹ̀ kò sáré. Ta wá ní ń lé yín?

Ẹni tó bá fẹ́ sá àsápajúdé, kó lọ sí pápá lọ́jọ́ Túsìdeè. Sátidé tó ń bọ̀, aago márùn-ún àbọ̀, Ìyá Àgbà ló máa ṣíwájú. Kí ẹnì kan sì lọ bá mi pe ọmọ yẹn padà.