Iṣẹ́ Òwú Kì Í Ṣe Ohun Àfipamọ́

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé nìkan kọ́ ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń tà. Bí ìyá bá mọ aṣọ hun, tí kò fi han ẹnikẹ́ni títí ọlọ́jọ́ fi dé, ọmọ rẹ̀ yóò fi igi òfì dáná, yóò sì lọ ra aṣọ tí ẹ̀rọ hun ní òkèèrè. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ará Àgọ́-Ìwòyè àti ẹ̀yin ará etí ọ̀sà ní Ogun Waterside sọ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ òwú, ìbáà ṣe òfì, ìbáà ṣe nítìn tàbí kíróṣé, kò gbọdọ̀ dá ìfẹ́ náà jẹ. Kó fi kọ́ ẹlòmíì, kó má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́.

Kì í ṣe òní ni aṣọ Ìjẹ̀bú ti lórúkọ. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò Yúróòpù ti ń rà á láti tún un tà níbòmíì létí òkun Áfíríkà. Àwọn obìnrin ló ń hun èyí tó gbayì jù nínú wọn, aṣọ olónà. Òfì tó dúró lóòró ni wọ́n ń lò, tí wọ́n na òwú yí igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ po, kì í ṣe òfì ọkùnrin tí aṣọ rẹ̀ ń jáde tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bíi tìgbànú. Bí obìnrin náà ti ń hun ún lọ, ni yóò máa ki òwú mìíràn bọ inú rẹ̀, títí ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ tàbí ejò yóò fi yọ jáde lára aṣọ. Ìtagbè tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ awo Òṣùgbó ń fi lé èjìká, pẹ̀lú òwú tó rọ̀ jọwọlọ létí rẹ̀, inú ẹbí iṣẹ́ yìí ló wà.

Ojú omi ni aṣọ olónà gbà rìn jìnnà. Ọ̀sà tó kan Ìwòpin àti Màkún-Omi lọ́dọ̀ wa kò dá dúró. Ọ̀nà omi wà láti ibẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn títí dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjọ (Ijaw). Àwọn Kalabari láàárín wọn fẹ́ràn aṣọ yìí débi pé wọ́n sọ ọ́ ní ikakibite, aṣọ ìjàpá. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí ẹbí, wọ́n sì ń tẹ́ ẹ sórí ibùsùn ẹ̀yẹ nígbà ìsìnkú àgbà. Nígbà tó yá, àwọn obìnrin Akwete, ní ibi tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Abia lónìí, wo aṣọ náà, wọ́n hun irú rẹ̀, wọ́n sì ń tà á fún àwọn Kalabari kan náà. Kò sí ìyá Ìjẹ̀bú kankan tó jókòó kọ́ wọn. Aṣọ fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá rò pé òun lè fi ọnà aṣọ pamọ́, kó rántí Akwete.

Àwọn ará Akwete náà ní ìtàn kan tí mo fẹ́ kí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́. Wọ́n ní obìnrin kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Dada Nwakwata, tí ọwọ́ rẹ̀ dáńgájíá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń tú aṣọ àjèjì wò fọ́nrán-fọ́nrán, ó sì ń fi ohun tó rí níbẹ̀ ṣe ọnà tuntun. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun níbi tó ti ń hun ún, àfi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ odi, tí kò sì gbọ́rọ̀. Ó dá a lójú pé àṣírí òun kò lè gba ẹnu onítọ̀hún jáde. Ìgbà tí Dada kú, odi yìí ló jókòó sídìí òfì, tó ń fi ọwọ́ han àwọn obìnrin yòókù. Ọwọ́ odi ni iṣẹ́ Dada gbà yè. Èmi kò rí ìtàn tó dá ẹjọ́ fífi iṣẹ́ pamọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní, bí mo bá kọ́ aládùúgbò mi, ṣebí oníbàárà mi ni yóò gbà. Mo gbà pé ẹnu ọ̀gá gbọ́dọ̀ jẹun, n kò sì sọ pé kí a má gba owó lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ fi ṣe àtijẹ. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run tó ẹyẹ ẹ́ fò láìfara kanra. Ẹ wo Ìsẹ́yìn. Kí ló dé tí ẹni tó ń wá aṣọ òkè fún ìgbéyàwó fi ń kọjá ọ̀pọ̀ ìlú kó tó dé ibẹ̀? Nítorí pé ahunṣọ pọ̀ níbẹ̀ ni, agboolé lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé. Bó bá jẹ́ ẹyọ ẹnìkan ló mọ̀ ọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, ta ni ìbá mọ ọ̀nà ilé rẹ̀? Ẹni tó ń fi iṣẹ́ pamọ́ fún ọmọ àdúgbò, ta ló ń fi í pamọ́ fún gan-an? Ilé iṣẹ́ ní Ṣáínà kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ tó kún ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta. Àwọn àjèjì ti mú ọnà wa lọ. Àwọn ọmọ wa nìkan ni ilẹ̀kùn tì mọ́ ìta. Àìkọ́wọ̀ọ́rìn ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Àwọn mìíràn á mẹ́nu ba Òṣùgbó, pé nǹkan awo kì í ṣe nǹkan ọgbẹ̀rì. Ọ̀rọ̀ yìí tọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lé ìtagbè sí èjìká yàtọ̀ sí òye bí a ṣe ń ki òwú ọnà bọ inú aṣọ. Ìlédì, ilé ìpàdé Òṣùgbó, ló ń fúnni ní ti àkọ́kọ́, a kò sì ní kí wọ́n pín in fún ará ọjà. Èkejì jẹ́ ti ọwọ́. Ọmọbìnrin tó bá kọ́ ọ lè fi ya ẹyẹ tàbí ewé koko sára aṣọ tirẹ̀, kò sì tẹ òfin ẹnikẹ́ni lójú.

Bí ẹnìkan bá sì sọ pé òyìnbó ló mú abẹ́rẹ́ nítìn wá, ìyẹn náà kò burú. Anna Hinderer, òyìnbó míṣọ́nnárì tó bá ọkọ rẹ̀ dé Ìbàdàn ní 1853, kọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìwé, ó sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin inú wọn ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Láti irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti tàn kálẹ̀, títí aláboyún fi ń fi wúùlù ṣe fìlà, súwẹ́tà àti ìbọ̀sẹ̀ de ọmọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń fẹ́ alábàárìn. Ojóbó kan ṣoṣo ló máa ń wà lẹ́nu ìkọ́ kíróṣé. Bí o bá ṣì í, o kàn fà á tú padà sí ibi tí àṣìṣe wà. Ṣùgbọ́n gbogbo ojóbó ìlà kan ló máa ń wà lórí abẹ́rẹ́ nítìn. Bí ẹyọ kan bá já bọ́, yóò máa tú lọ sí ìsàlẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ kò sì ní mọ bí yóò ṣe gbé e padà. Ibẹ̀ ni púpọ̀ ti ń ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀ títí láé. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tó bá jókòó tì wọ́n, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi yanjú rẹ̀.

Nínú àwọn tó ń bẹ láyé lónìí, mo gbé òṣùbà fún Nike Okundaye, ọmọ Ogidi ní Kogi. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá àgbà rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ òwú àti aró. Láti 1983 tó ti dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ló ti ń kọ́ ọ̀dọ́ àti àwọn obìnrin tí kò ní nǹkan láìgba kọ́bọ̀, ó sì padà sí Ogidi láti gbé iṣẹ́ àwọn ahunṣọ ibẹ̀ ró. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò parun nítorí pé ó pín in. Orúkọ rẹ̀ gan-an ló ń ga sí i.

Nítorí náà, mo bẹ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ tó wà ní Àgọ́-Ìwòyè láti ọdún 1982: ẹ pe àwọn ìyá tó ṣì mọ aṣọ olónà hun wá láti Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ gbé òfì kalẹ̀ fún wọn, ẹ san owó wọn bí ẹ ti ń san ti olùkọ́. Mo bẹ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí wọ́n yọ̀ǹda gbọ̀ngàn wọn fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọmọdé ní kíróṣé ní ọjọ́ Sátidé. Ìwọ tí o sì ń ka ìwé yìí, tí abẹ́rẹ́ nítìn rẹ wà nínú àpótí, mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí o pe ọmọ aládùúgbò rẹ kan jókòó.