Ẹfọ̀n Kò Wọ Igbó Lọ

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ àti àwọn tó ń jẹ ẹ́ ní Alímọ̀ṣọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá àti Ìgàndò, pé ẹran kì í tán nínú igbó, àti pé èyí tí ojú kò bá rí mọ́, ariwo ènìyàn ló sá fún, tó fi wọ igbó tó jìn lọ. Nípa ẹfọ̀n ni ìgbàgbọ́ yìí ti le jù, nítorí pé ẹran tí àwọn ọdẹ ń fi ìjálá kì, tí ìwo rẹ̀ méjèèjì sì wà lójúbọ Ọya títí di òní, kò jọ ohun tó lè parẹ́ lójú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, ó sì ń ṣe ìpalára, torí pé ẹni tó bá gbà pé ẹfọ̀n kàn ṣípò ni, kò ní wá ẹni tó ń pa á.

Ẹ̀rí wà lára ẹfọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹfọ̀n inú igbó kìjikìji kéré, ó pupa, ìwo rẹ̀ kúrú, ó sì tẹ̀ sẹ́yìn, irun gígùn a sì máa yọ létí rẹ̀. Ẹfọ̀n ọ̀dàn, ìyẹn ti ilẹ̀ koríko tí igi rẹ̀ kò fún pọ̀, tóbi jù ú lọ, ó sì máa ń ṣú jù ú lọ; irú kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀ tirẹ̀. Òótọ́ ni pé ẹfọ̀n ọ̀dàn máa ń tẹ̀ lé omi bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, bóyá ohun tí àwọn ọdẹ àtijọ́ rí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n abo ẹfọ̀n kì í sábà fi agbo tí wọ́n bí i sí sílẹ̀, akọ ló ń rìn kiri. Oyún rẹ̀ tó oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo ló ń bí, ó sì máa ń tó bí ọmọ ọdún 4 tàbí 5 kí ó tó bí àkọ́bí. Kì í ṣe bí ọ̀yà, tí ọdẹ lè pa lónìí kí igbó ẹ̀yìnkùlé tún kún ní ọdún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pa agbo ẹfọ̀n kan tán létí odò, odò náà lè wà láìní ẹfọ̀n fún ìran kan.

Igbó wo gan-an ni wọ́n ní ó wọ̀ lọ? Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá sì kọjá ibẹ̀ lọ sí ìhà Ọ̀tà àti Agbára, ilé iṣẹ́ àti ilé gbígbé ni yóò bá. Bí ó bá forí lé àríwá, oko àti ìlú ni yóò máa là kọjá títí yóò fi dé Ọgbà Ìpamọ́ Ẹranko ti Ọ̀yọ́-Ilé, ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ẹfọ̀n ní ilẹ̀ Yorùbá. Apá kan níbẹ̀ ti di igbó ọba, ìyẹn igbó tí ìjọba fi òfin dè, láti ọdún 1936. Ó di ibi ìpamọ́ ẹran ní 1952, ìjọba àpapọ̀ sì sọ ọ́ di ọgbà orílẹ̀-èdè ní 1991. Gbogbo rẹ̀ kò ju kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512 lọ. Ìgbẹ̀tì, Kíṣí, Ìgbòho àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí wà ní àyíká rẹ̀ pẹ̀lú oko wọn, àwọn darandaran ń kó màlúù wọ inú rẹ̀, àwọn ọdẹ sì ń yọ́ wọ̀ ọ́ lóru. Igbó tó jìn náà nìyẹn, ó sì ní ààlà.

Irú ìgbàgbọ́ yìí ti tan àwọn ẹlòmíràn jẹ rí. Lórí pápá koríko Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé báísìn, ẹran tó jọ ẹfọ̀n tí irun bo èjìká rẹ̀, tó mílíọ̀nù 30 sí 60. Nígbà tí ojú irin wọ ilẹ̀ náà, tí àwọn ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ rẹ̀ ṣe bẹ́líìtì ẹ̀rọ ní nǹkan bí ọdún 1870, awọ nìkan ni àwọn ọdẹ ń bó, wọ́n a sì fi ẹran sílẹ̀ kó jẹrà, nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀ tó fi ẹran náà ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 1883, lẹ́yìn tí wọ́n ti pa agbo ńlá ìkẹyìn, ọ̀pọ̀ ọdẹ tún ra ẹ̀tù àti ọta ìbọn fún ọdẹ ọdún náà, torí wọ́n gbà pé ṣe ni báísìn wọ Kánádà lọ, tí yóò sì padà. Kò padà. Nígbà tí William Hornaday, onímọ̀ nípa ẹranko, kó iye wọn jọ ní 1889, 1,091 péré ló kà ní gbogbo àríwá Amẹ́ríkà.

Àwọn kan ní àrùn ló pa ẹfọ̀n tiwa. Àjàkálẹ̀ àrùn màlúù tí wọ́n ń pè ní rinderpest pa ẹfọ̀n rẹpẹtẹ jákèjádò Áfíríkà lóòótọ́ ní nǹkan bí ọdún 1890, ṣùgbọ́n àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì kéde òpin rẹ̀ ní 2011. Ìbọn kò kásẹ̀ nílẹ̀.

Báísìn kò sì ti inú igbó kankan jáde fúnra rẹ̀. Ènìyàn ló dá a padà: ní 1907, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó 15 láti ọgbà ẹranko Bronx ní New York lọ sí Oklahoma, wọ́n ṣọgbà yí wọn ká, wọ́n sì ń kà wọ́n. Ohun tó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní Ọ̀yọ́-Ilé kò yàtọ̀: kí wọ́n máa ka ẹfọ̀n ibẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n kéde iye náà fún gbogbo ènìyàn, kí wọ́n máa san owó àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó lásìkò, kí wọ́n sì lé màlúù kúrò níbi omi. Ará Alímọ̀ṣọ́ tó ń ra ẹran ìgbẹ́ ní tirẹ̀ lè bi ẹni tó ń tà á fún un léèrè irú ẹran tó jẹ́ àti igbó tí wọ́n ti pa á, kí ó má sì rà á bí kò bá rí ìdáhùn.