Mò Ń Fa Táyà Kiri Àkúrẹ́ Nítorí Yìnyín Tí N Kò Tíì Fojú Rí

Agogo márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni. Mo so okùn mọ́ ìbàdí, mo so ìdí okùn mọ́ táyà ọkọ̀ kan tí mo tọrọ lọ́wọ́ fọ́kanáísà àdúgbò wa, mo wá ń wọ́ ọ lọ lójú ọ̀nà kan ní Ìjàpọ̀, ní Àkúrẹ́ níbí. Ìyá àgbà kan tó ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró. Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó wo táyà. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ṣe é fún ẹ?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ṣe mí ní nǹkan, mà. Eré ìdárayá ni." Ó mi orí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà fún mi. N kò bá a jà, àdúrà kì í pọ̀ jù. Àṣé ẹnì kan ti wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ń fi fóònù ká mi sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, fọ́nrán mi ti wà lórí WhatsApp. Ẹnì kan kọ ọ́ pé sápá ti wọ̀ mí lára. Òmíràn ní ọmọ Yahoo ni mí, pé wọ́n ní kí n fa táyà fún ọjọ́ méje kí owó tó jáde. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ jẹun lálẹ́ àná kọ tiẹ̀ pé, "Ó fẹ́ fẹsẹ̀ japa."

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń ṣe gan-an.

Eré kan wà ní ìpẹ̀kun àríwá Kánádà tí wọ́n ń pè ní 6633 Arctic Ultra. Nọ́ńbà yẹn dúró fún ibi tí ìlà Arctic Circle wà lórí máàpù ayé. Ẹni tó bá wọ eré náà máa ń fẹsẹ̀ rìn, á tún sáré níbi tó bá ti lè sáré, á sì máa fa ẹrù ara rẹ̀ tẹ̀lé ẹ̀yìn lórí yìnyín: oúnjẹ, aṣọ, àpò tí yóò sùn sí, sítóòfù tí yóò fi yọ́ yìnyín mu. Èyí tó kúrú níbẹ̀ jẹ́ máìlì 120. Bí ẹ bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ nílé, ẹ gbéra ní Àkúrẹ́, ẹ fẹsẹ̀ rìn dé Oǹdó, ẹ padà, ẹ tún lọ, ẹ tún padà. Èyí tó gùn jẹ́ máìlì 380, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kéèyàn rìn lọ sí Èkó kó sì rìn padà. Òtútù apá ibẹ̀ lè wálẹ̀ dé ìwọ̀n 30 sí 40 ní ìsàlẹ̀ òdo. Ọyẹ́ tó ń mú wa wá súwẹ́tà kiri ní Dìsẹ́ḿbà, ooru ni lójú wọn.

Nípa ti táyà, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Àwọn òyìnbó tó ń múra ìrìn àjò yìnyín náà máa ń fa táyà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, torí pé bí táyà ṣe ń wọ́ mọ́ ilẹ̀ jọ bí ẹrù ṣe ń fani sẹ́yìn lórí yìnyín. Ohun kan ṣoṣo nínú ìmúra yìí tí kò ná mi lówó nìyẹn.

Àwọn tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kò dùn mí títí. Àwọn tó dé lọ́sẹ̀ kejì ni mo fẹ́ torí wọn kọ èyí. Nígbà tí mo ṣàlàyé ara mi sórí Facebook, ọ̀rọ̀ yí padà bìrí. "Bọ̀ọ̀sì mi, ìwọ lo máa kọ́kọ́ ṣe é nínú wa!" "Lọ forúkọ sílẹ̀ fún ti máìlì 380 jàre, Nàìjíríà kì í gbẹ̀yìn." Ẹnì kan ti fẹ́ ṣí ojúlé ìdáwó fún mi. Òmíràn kọ òwe sí mi pé ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wẹnu àáké. Mo dá a lóhùn pé òwe yẹn kò ní kéèyàn má pọ́n àáké rẹ̀ kó tó lọ.

Ẹ rántí ọdún 2023. Hilda Baci se oúnjẹ fún wákàtí 93 àti ìṣẹ́jú 11, inú gbogbo wa dùn. Kò pẹ́ tí ìlú fi di ọjà ìdíje: ẹni tó fẹ́ sè ju tiẹ̀ lọ, ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ra èèyàn, ẹni tó fẹ́ sunkún. Àjọ Guinness fúnra wọn ní láti bẹ̀ wá pé ká máa gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ká tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, èmi náà ṣe láìkì fún púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kùnà nínú yàrá ìdáná, á lọ sùn nílé ni. Ẹni tó bá kùnà nínú òtútù ìwọ̀n 40 lè fi ìka ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí n sọ òótọ́, Àkúrẹ́ dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Ìdànrè wà nítòsí. Àtẹ̀gùn òkè yẹn ju 600 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan, tí a ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí a ya fọ́tò, tí a sọ̀ kalẹ̀ wá jẹ iyán. Èmi ń gùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì tí mo kó ike omi sí. Orí òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ààfin àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tí itan mi bá ń jó mi bí iná, mo máa ń ro ti obìnrin tó ru iṣu láti oko gun òkè yẹn, tó tún ní láti dáná alẹ́. Kò sẹ́ni tó ya fídíò tiẹ̀.

Ìrìn ọ̀nà jíjìn ló dà mí láàmú. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó ju kìlómítà 40 lọ, ibi tó yẹ kí n máa rìn ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ nìyẹn, torí Oǹdó ni màmá mi ń gbé. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá rìn lójú ọ̀nà yẹn ní ìdájí lóde òní? Bí tírélà ò bá gbá ẹ, àwọn ajínigbé lè gbé ẹ. Ohun tí mo wá ń ṣe ni pé mo ń yí pápá iléèwé kan po, wákàtí mẹ́fà, nígbà míì mẹ́jọ, pẹ̀lú táyà lẹ́yìn. Ó sú mi débi pé mo ti mọ orúkọ ewúrẹ́ tó ń jẹko níbẹ̀. Àmọ́ àwọn tó ti lọ sọ pé bó ṣe máa ń rí lọ́hùn-ún náà nìyẹn: funfun níwájú, funfun lẹ́yìn, kò sí ohun tí ojú ń wò. Nítorí náà n kò kà á sí àdánù.

Ohun tí Àkúrẹ́ kò lè kọ́ mi ni òógùn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, torí ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á. Lọ́dọ̀ tiwa, òógùn ni ẹ̀rí pé èèyàn ṣiṣẹ́. Bí kóòṣì bá rí ẹ tí o kò làágùn, á ní ọ̀lẹ ni ẹ́. Nínú òtútù ńlá, òógùn ni ọ̀tá. Bó o bá làágùn, aṣọ inú á tutù. Bó o bá wá dúró, omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru ara rẹ jáde, á sì lè dì sí ẹ lára. Nítorí náà, ẹni tó mọ eré náà kì í sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ooru tó mú un ló ti ń bọ́ aṣọ kan, kí òtútù tó mú un ló ti ń wọ̀ ọ́ padà. Aṣọ kọ́tìnì tí a fẹ́ràn yìí, wọn kì í gbé e débẹ̀, torí tó bá ti rin, kì í tètè gbẹ. Báwo ni n ó ṣe kọ́ bí a kì í ṣe é làágùn ní ìlú tí mo ti ń làágùn lórí ìjókòó?

Ìyẹn ló gbé mi dé kóòdù-rúùmù. Ọ̀rẹ́ màmá mi kan ní Oǹdó ń ta ẹja inú yìnyín, ó sì ní yàrá ńlá kan tí wọ́n ń to páálí ẹja sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n máa wọlé síbẹ̀. Ó ní, "Tó o bá kú mọ́ títùsì mi lára, kí ni mo máa sọ fún Ìyá Tíṣà?" Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó gbà, pẹ̀lú àdéhùn pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ilẹ̀kùn má sì ṣe tì pa.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe kò le lójú mi: kí n wọ ìbọ̀wọ́, kí n ṣí síìpù báàgì, kí n yọ oúnjẹ jáde, kí n tú okùn bàtà kí n sì tún un dì. Nílé, ìṣẹ́jú méjì péré ló ń gbà mí. Nínú yàrá ẹja, kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo fi ń wo ìka mi bí ìka ẹlòmíràn. Síìpù ò gbọ́. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n lè rí okùn bàtà mú, ìyẹn gan-an wá ni àṣìṣe ńlá. Nígbà tí mo jáde sínú oòrùn, tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sínú ìka mi, omi jáde lójú mi. Ọmọ iṣẹ́ yẹn ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ òtútù ilé ẹja kò ju ìwọ̀n 18 ní ìsàlẹ̀ òdo lọ, kò sí afẹ́fẹ́ líle níbẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà tí mo lè gbà jáde.

Mo lọ kàwé sí i. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà fi hàn pé òtútù tètè máa ń ṣe ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú léṣe lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ aláwọ̀ funfun lọ. Kì í ṣe èébú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ká má lọ. Ó kàn túmọ̀ sí pé èmi gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ju ẹni tí a jọ ń rìn. Bí jẹ́nótáìpù ẹ bá sì jẹ́ SS, jọ̀ọ́, wá eré mìíràn ṣe, torí òtútù wà lára ohun tó ń gbé ìrora yẹn dìde. Kò sí ìkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí lábẹ́ fídíò mi. "Nàìjíríà kì í gbẹ̀yìn" ló kún ibẹ̀.

Ẹni tí mo fi ń ṣe àwòkọ́ṣe kì í ṣe sárésáré rárá. Ọmọ Tógò ni, orúkọ rẹ̀ ni Tété-Michel Kpomassie. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ejò dẹ́rù bà á lórí igi àgbọn, ó jábọ́, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn olóòṣà erè láti tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó wá di ọmọ awo níbẹ̀. Nígbà tó ń gbádùn bọ̀, ó rí ìwé kan nípa Greenland ní Lomé. Ìlú tí kò ní ejò, tí kò ní igi! Ó sá nílé. Àmọ́ ẹ wo bó ṣe lọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́jọ ló fi wà lójú ọ̀nà, ó ń ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú, Gánà, Senegal, Faransé, Jámánì, Denmark, ó ń kọ́ èdè bó ṣe ń lọ. Ọdún 1965 ló tó fẹsẹ̀ tẹ Greenland. Lẹ́yìn ìyẹn, ó bá àwọn ará ibẹ̀ gbé, ó jẹ oúnjẹ wọn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń da ajá tó ń fa ẹrù lórí yìnyín, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1981. Bó bá jẹ́ pé ayé TikTok ló wà ni, a ti lè fi yẹ̀yẹ́ pa á ní ọdún kejì.

Seun Adigun náà nìyẹn. Ó ti sáré fún Nàìjíríà ní London ní 2012 kó tó kó sínú eré bobsled. Kò rí ọkọ̀ yìnyín, ó fi pákó kan tiẹ̀ ní Houston, níbi tí yìnyín ti ṣọ̀wọ́n, òun àti Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga sì ń tì í káàkiri. Ní 2018 wọ́n dé Òlíḿpíìkì ní South Korea, ẹgbẹ́ bobsled àkọ́kọ́ láti Áfíríkà. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n ṣe, àwọn kan sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi wo bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ láìfarapa, mo sì mọ̀ pé pákó yẹn kọ́ ni wọ́n gbé lọ síbẹ̀. Wọ́n fi pákó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ kọ́ ọ lórí yìnyín gidi.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ fún ẹni tó fẹ́ dá owó jọ fún mi pé kó dúró ná. N kò ní forúkọ sílẹ̀ fún máìlì 380, bí ẹ bẹ̀ mí tàbí ẹ bú mi. Kí n tó sún mọ́ ti 120 pàápàá, mo fẹ́ kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán ní ibi òtútù gidi, lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ èèyàn, kí n sùn síta, kí n mọ ìgbà tí ìka mi ń parọ́ fún mi. Owó ìyẹn ni mò ń tù jọ. Ẹlòmíràn lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ kí n tó dé ibẹ̀, mo kí i kú oríire ṣáájú. Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Mo ti ń ro bí n ó ṣe ṣàlàyé fún òyìnbó ẹ́ḿbásì pé kì í ṣe ìlú rẹ̀ ni mo fẹ́ jókòó sí, pé yìnyín ìlú rẹ̀ ni mo fẹ́ rìn lórí rẹ̀ kí n sì padà wá jẹ iyán.

Màmá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ kóòdù-rúùmù lẹ́nu ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe mọ̀ pé yóò gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi gbé fóònù mi. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo délé, ó na nọ́ọ̀sì kan sí mi nínú láílọ́ọ̀nù. Ìbọ̀wọ́ ni, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀ nígbà ọyẹ́. Ó rà á ní Ọjà Ọba. Kò lè ṣe nǹkan kan lọ́hùn-ún. Mo wọ̀ ọ́ jẹun tán níwájú rẹ̀.