Ìyá Àgbà Fẹ́ Fojú Kan Òkun

  

Lẹ́tà kan tẹ̀ mí lọ́wọ́ láti Lálùpọn. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin ló kọ ọ́. Ó ní ó ti di ọdún mẹ́ta tí òun ti ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú èrè gàrí fi dá èésú, owó náà sì ti ń tó nǹkan. Ó fẹ́ fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sinmi ní apá Èkó, kí wọ́n rí ìlú ńlá, kí wọ́n rí òkun, kí wọ́n sì sùn ní ìgbèríko létí omi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọkọ rẹ̀ kò bá a jà, ṣùgbọ́n ó ní òun ìbá fẹ́ kí wọ́n fi owó náà pààrọ̀ páànù ilé. Ohun tó wá mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé Lálùpọn ni wọ́n bí ìyá ọkọ yìí sí. Láti kékeré ló ti ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin, kò sì wọ̀ ọ́ rí débi tí yóò bá a dé Èkó. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ báyìí. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Èkó nínú ilé, ìyá á ní, “Ẹ jẹ́ kí n fojú kan òkun kí ojú yìí tó pa dé.”

Arábìnrin mi, mo ti ka lẹ́tà rẹ nígbà mẹ́ta. Kí n tó sọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti ilé tí ẹ ó sùn, ojú ìyá ni kí á kọ́kọ́ mú. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ojú ní Ìbàdàn kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kankan. Ó lè jẹ́ funfun tó máa ń bo ẹyinjú àwọn àgbà ni. Èyí kì í ṣe òpin ayé, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹlòmíràn á sì tún padà ríran dáadáa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ná nínú owó náà síbẹ̀, kí ìyá lọ wo òkun pẹ̀lú ojú tó mọ́ gaara. Àmọ́ àìsàn ojú mìíràn wà tó máa ń pa iṣan ojú láti inú. Ìyẹn, ohun tó bá ti gbé lọ kì í dá a padà mọ́. Oògùn kàn lè bá ni dá èyí tó kù dúró ni. Bí dókítà bá ní èyí ni, ẹ má sún ìrìn àjò náà síwájú rárá.

Baálé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí mi. Mo mọ̀ pé páànù tó ń jò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bí òjò bá ń rọ̀ lé àwọn ọmọ lórí lójú oorun, ẹ ṣe páànù, ẹ jẹ́ kí ìsinmi dúró. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé torí kí ilé yín lè máa dán ju ti aládùúgbò lọ ni, a ó rí páànù rà lọ́dún tó ń bọ̀ àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìyá tó bí yín kò ní ju ìyẹn lọ tó ń bẹ̀ yín.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á múra ìrìn àjò.

Ojú irin àtijọ́ tó dé Ìbàdàn láti Èkó ní 1901 ni wọ́n fà síwájú gba Lálùpọn kọjá lọ sí Òṣogbo. Ṣùgbọ́n ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 kò dé ọ̀dọ̀ yín. Mọ́níyà ló ti ń gbéra. Ẹ ó wọ ọkọ̀ láti Lálùpọn dé Ìwó Ròòdù, ẹ ó gba Òjòó, ẹ ó fi dé Mọ́níyà. Láti ibẹ̀, Ọ̀mì-Àdìó, Abẹ́òkúta àti Pápálántò wà lójú ọ̀nà títí dé Èbúté Mẹ́ta. Gbogbo ojú irin náà tó kìlómítà 157. Owó ọkọ̀ àti aago tó ń gbéra máa ń yí padà, nítorí náà kí ẹnì kan nínú ilé lọ béèrè ṣáájú, kí ó sì ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe dánfó tí kọ̀ńdọ́ yóò máa pariwo pé ó ku ẹyọ kan. Bí aago bá ti lù, ó ti lọ nìyẹn. Etí fèrèsé ni kí ẹ fi ìyá sí.

Oṣù kẹrin ni kí ẹ fi sí, nígbà tí wọ́n bá fún àwọn ọmọ ní ìsinmi kúkúrú. Mo mọ̀ pé oṣù kẹjọ ni ìsinmi ilé ìwé máa ń gùn, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mú. Ṣùgbọ́n ní àkókò òjò yẹn ni òkun máa ń bínú jù ní apá ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi òkun ya wọ etíkun Kúrámọ̀ ní Èkó lójijì, ó kó ahéré, ó sì gbé èèyàn lọ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn bàbá wa kò ṣèèṣì wí pé òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojúkòkòrò ṣe fún èmi náà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ mi lọ, mo ní ọjọ́ mẹ́rin ni a ó fi rí Èkó, a ó rí Bádágìrì, a ó rí Ẹ̀pẹ́. Ẹ wò ó, Bádágìrì wà ní ìwọ̀ oòrùn, Ẹ̀pẹ́ wà ní ìlà oòrùn, Èkó àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ rẹ̀ ló wà láàárín. Inú ọkọ̀ ni a ti lo ìsinmi náà. Èyí àbíkẹ́yìn bì sí aṣọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí a fi máa dé etí òkun, Mọ̀ǹgàrí ti ń wọlé, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀pà kọ́bọ̀ kan ni àwọn ọmọ fi rí i. Nítorí náà, ọ̀kan ni kí ẹ mú.

Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ yín ti dàgbà, tí wọ́n fẹ́ ìtàn, Bádágìrì dára. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn oníwàásù kọ́, tó parí ní 1845, ṣì wà níbẹ̀, àti ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pa mọ́ sí lábẹ́ Sẹ́ríkí Williams Àbáàsì. Mùsùlùmí bíi tiwa ni Sẹ́ríkí yìí. Wọ́n kó òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú lọ́mọdé, ó dé Brazil, ó padà wálé, ó sì di ẹni tó ń ta èèyàn. Kò sí bí ọmọ kò ṣe ní bi yín pé báwo ni ẹni tí wọ́n tà ṣe lè ta ẹlòmíràn. Ẹ ti ronú ohun tí ẹ ó sọ kí ẹ tó kó wọn débẹ̀.

Ṣùgbọ́n fún ìyá arúgbó àti ọmọ kékeré, Ẹ̀pẹ́ ni mo fọwọ́ sí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ gbéra ní Ọjọ́bọ̀. Bí ẹ bá ní ẹbí ní Èkó, ẹ sùn lọ́dọ̀ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù ní ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Èèyàn méje kì í já lu èèyàn nínú yàrá kan l'Ékòó ká máa pè é ní ìbáṣepọ̀. Ẹ gbé gàrí, èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ dání. Lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, kí baálé kó àwọn ọmọkùnrin lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí ńlá àárín gbùngbùn Èkó, kí gbogbo yín sì rìn dé mọ́ṣáláṣí Ṣítà Béè tí kò jìnnà síbẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Mohammed Ṣítà, oníṣòwò pàtàkì, ló fi owó rẹ̀ kọ́ ọ. Ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, João Baptista da Costa, ló yàwòrán rẹ̀. Ọba àwọn Tọ́kì fi oyè Béè ránṣẹ́ sí Ṣítà, ẹni tó sì mú iṣẹ́ ọba náà wá ni Abdullah Quilliam, òyìnbó ará Liverpool tó gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó pẹ́ tí ayé ti ń wá bá wa nílé.

Ní Sátidé, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú wà, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, wọn kì í gba owó lọ́wọ́. Orí omi ló ń gbà nígbà tó bá kúrò ní Marina, owó rẹ̀ kò tó ti ìran mìíràn tí àwọn ọmọ yóò máa sunkún sí yín lọ́rùn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan, tó ti wà láti 1957, kò jìnnà. Bí ó bá rẹ ìyá, ẹ fi ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀, kò ní sá lọ.

Àárọ̀ Sunday kùtùkùtù ni kí ẹ kúrò l'Ékòó, nígbà tí títì bá ṣì ṣófo, kí ẹ gba ọ̀nà Lẹ́kí. Igbó tí wọ́n ń dá ààbò bò wà lójú ọ̀nà yẹn, Lekki Conservation Centre, tí ọ̀bọ ń fò láti igi dé igi. Afárá orí igi wà níbẹ̀ tó gùn ní mítà 401. Ó mì jìgìjìgì, kí ìyá jókòó nísàlẹ̀ kí ó máa wo ọ̀bọ.

Lẹ́yìn náà ni òkun. Etíkun tí àwọn òbí wa mọ̀ sí Bar Beach ti di ilẹ̀, wọ́n ti da iyanrìn sí i, ilé ni wọ́n ń kọ́ síbẹ̀ báyìí. Nítorí náà ẹ lọ sí apá Eléko, síwájú lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kan náà. Ẹ débẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, nítorí lẹ́yìn Àìlà ni àwọn onílù àti ọlọ́tí máa ń pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan wọ inú omi ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ìgbì tó ń bọ̀ kọ́ ló ń pa ni. Omi tó ń padà sẹ́yìn lábẹ́ rẹ̀ ni, ó máa ń gbá àgbàlagbà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá fa ẹnikẹ́ni, kí onítọ̀hún má bá a jìjàkadì padà tààrà. Kí ó máa gba ẹ̀gbẹ́ lọ títí yóò fi bọ́ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò mọ odò wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ lé e. Ẹ gbé àga kékeré dání fún ìyá, kí ẹ gbé e síbi tí omi yóò ti máa fọ ẹsẹ̀ wọn, kí ẹnì kan sì di apá wọn mú.

Ẹ̀pẹ́ ni ẹ ó sùn. Ẹ̀yin ará Lálùpọn ti rí oko tó, n kò ní sọ pé kí ẹ sanwó lọ wo ẹ̀gẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn wọ̀nyí, inú omi ni oko wọn wà. Nígbà tí àwọn òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí sì bá a lọ, ìdí nìyẹn tí ìrun fi gbilẹ̀ níbẹ̀ títí dòní. Ẹ lọ sí ọjà ẹja wọn ní àárọ̀. Àwọn obìnrin ló ni ọjà náà. Ẹ ó rí epìyà, ẹ ó rí àrọ̀, ẹ ó sì rí àwọn ẹranko omi tí n kò ní dárúkọ. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí àtẹ ni Mùsùlùmí ń jẹ, ẹ béèrè kí ẹ tó rà. Arábìnrin mi, ibí ni mo fẹ́ kí o ti ṣí ojú. Ra ẹja yíyan tó gbẹ dáadáa, apẹ̀rẹ̀ kan tàbí méjì, kí o lọ tà á lọ́jà Lálùpọn. Kò ní dá gbogbo owó ìrìn àjò padà, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ yóò rí i pé o kò fi páànù òun ṣeré.

Ní ti ìrun, ẹni tó wà lórí ìrìn àjò lè ké àwọn olópòó mẹ́rin sí méjì. Bí ẹ bá sì pinnu láti dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin, kíkún ni ẹ ó máa kí i ní ìlànà Màlíkì tí a ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ wa. Kí baálé bi àlùfáà àdúgbò yín kí ẹ tó gbéra.

Bí ẹ bá ń padà, ẹ má tún gba Èkó. Ẹ gba Ìjẹ̀bú-Òde, kí ẹ tibẹ̀ já sí Ìbàdàn. Ìdí tí mo fi mú Ẹ̀pẹ́ nìyẹn: ẹ yípo, ẹ kò padà sínú go-slow. Òkè-Erí wà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ní sàréè Bìlíkísù Ṣùngbọ́ wà. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé òun ni ọbabìnrin Sábà tí Àlùkùránì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú Súrà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Àlùkùránì kò dárúkọ ọbabìnrin náà, àwọn onímọ̀ sì sọ pé yàrà ńlá tí wọ́n ń pè ní Erédò, tó yí ilẹ̀ náà ká ní nǹkan bí kìlómítà 160, jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún, nígbà tí Sábà ti di ìtàn tipẹ́tipẹ́. Wọ́n tún ní obìnrin kì í dé ojú sàréè náà. Sàréè obìnrin, obìnrin kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀! Èmi kò mọ ẹni tó ṣe òfin yẹn, ṣùgbọ́n n kò rò pé Bìlíkísù ni.

Arábìnrin mi, mú aṣọ òtútù dání fún ìyá, afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin a máa tutù. Mú oògùn tí dókítà bá kọ fún ojú wọn, má kó o sí ìsàlẹ̀ àpò. Kọ̀wé sí mi bí ẹ bá dé. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí ìyá kọ́kọ́ sọ nígbà tí omi náà kàn wọ́n lẹ́sẹ̀.