Ẹ Fi Rọ́bà Sẹ́yìn Táyà Kí Òjò Tó Dé

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ dáadáa ní Bassila, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kò ṣòro láti mọ ọkọ̀ tó ní bavette, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so sẹ́yìn táyà, yàtọ̀ sí èyí tí kò ní. Èyí tó ní in á kọjá, omi inú kòtò á rọ̀ padà sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí kò ní in á ta ẹrẹ̀ pupa sára ògiri, sára ọmọ ilé ìwé tó wọ kákí, sínú igbá wàgáṣì tí ìyá kan gbé ka iwájú lẹ́bàá títì. Awakọ̀ kì í sábà mọ̀, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ mẹ́rin ló mú ìyàtọ̀ wá láàárín ọkọ̀ méjèèjì. Ó ti tó àkókò kí gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, láti Manigri títí dé Pénéssoulou, ka rọ́bà yìí mọ́ ohun tí ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní, bí wọ́n ṣe ka iná ẹ̀yìn àti fèrè mọ́ ọn.

Ìjọba ìbílẹ̀ Bassila gbòòrò. Alédjo, Bassila, Manigri àti Pénéssoulou ló wà nínú rẹ̀, ẹkùn Donga tí wọ́n yọ kúrò lára Atacora ní 1999 ló sì bọ́ sí. Nínú ìkànìyàn 2013, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 130,000. Àwọn Anii ló ni Bassila. Ní Manigri, Nago ni wọ́n ń sọ, ẹ̀ka èdè Yorùbá kan náà tó wà lẹ́nu àwọn ará Kambolé lódìkejì ààlà ní Tógò. Òpópónà RNIE 3 tó gba Savalou àti Bantè wá ló kọjá lágbègbè náà lọ sí Djougou, ọlọ́dà sì ni. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti yà kúrò lórí rẹ̀ lọ sí oko kajú tàbí sí abúlé, yangí ló máa tẹ̀. Kódà ẹni tí kò yà kúrò lórí ọ̀dà rárá ṣì ń tẹ yangí, nítorí etí ọ̀nà ni ọkọ̀ ti ń dúró gbé èrò.

Òjò bíi 1,200 mìlímítà ló ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láàárín oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá. Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, orí yangí á gbẹ, á tú, òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ á sì di ohun tí táyà ń sọ kiri. Kò sí oṣù kankan nínú ọdún tí rọ́bà ẹ̀yìn táyà kò níṣẹ́ ṣe.

Báwo ni ọkọ̀ ṣe ń dé ibẹ̀ láìní rọ́bà yìí? Púpọ̀ nínú ọkọ̀ kékeré tó ń rìn lójú ọ̀nà náà jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba èbúté Cotonou wọlé, tí wọ́n sì ṣe fún ojú ọ̀nà ibòmíì. Toyota Yaris jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Láti 2001 ni wọ́n ti ń ṣe é ní Valenciennes, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí títì ọlọ́dà ti dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé. Òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe ní 1978 lórí ohun tó ń bo táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní kí ara ọkọ̀ bo òkè táyà láti 30 dìgírì síwájú títí dé 50 dìgírì sẹ́yìn. Ẹni tó bá fojú wọn ìyẹn lára táyà á rí i pé òkè ni ìbòrí náà mọ sí. Láti àárín táyà lọ sí ìsàlẹ̀, ibi tí ẹrẹ̀ ti ń jáde gan-an, òfin náà kò fi dandan lé ohunkóhun. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá òfin ilé rẹ̀ mu láìkù síbì kan lè dé Manigri pẹ̀lú ẹ̀yìn táyà tó wà ní ìhòòhò.

Ohun tí táyà ń ṣe kò ju èyí lọ: á gbé omi àti òkúta wẹ́wẹ́ sínú ilà ara rẹ̀, á gbé e ròkè bó ṣe ń yí, á sì jù ú dànù lẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan, etí táyà ń yí ní nǹkan bíi mítà 17 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn ni òkúta tí táyà iwájú jù lè fi bá abẹ́ ilẹ̀kùn. Pẹ́ńtì á bó, irin á hàn, omi ẹrẹ̀ á fara mọ́ ọn, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ojú kì í sábà dé. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Lára egungun tó gbé gbogbo ọkọ̀ kékeré ró ló wà, ìdí nìyẹn tí àtúnṣe rẹ̀ fi máa ń gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ́ kó jẹrà.

Ohun tí táyà iwájú bá jù, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́. Ohun tí táyà ẹ̀yìn bá jù, ẹni ẹlẹ́ni ló ń jẹ ẹ́.

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ohun tí ọlọ́kọ̀ lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pé ọkọ̀ òun ni, owó òun ni. Ọlọ́kadà zémidjan tó ń tẹ̀lé ọkọ̀ lẹ́yìn kò ní gíláàsì níwájú. Ojú rẹ̀ ló fi ń gba òkúta àti ẹrẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ta ẹrẹ̀ sí láàárọ̀ á jókòó sínú kíláàsì pẹ̀lú rẹ̀ títí di ọ̀sán, ìyá rẹ̀ á sì fọ aṣọ náà lálẹ́ kó lè gbẹ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wàgáṣì tí ẹrẹ̀ bá ta sí kò ṣeé tà mọ́. Ẹni tó pàdánù lára àwọn wọ̀nyí kì í sì í rí ọkọ̀ náà dá dúró, nítorí ó ti lọ.

Àwọn awakọ̀ àtijọ́ mọ iyì rọ́bà yìí. Peugeot 504, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna ní 1975, ló fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́ ọba táásì ọ̀nà jíjìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rọ́bà lẹ́yìn táyà sì jẹ́ ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́. Ọkọ̀ náà gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari Rally ní Kẹ́ńyà ní 1975 àti 1978, lórí irú ilẹ̀ pupa tí ará Bassila mọ̀ dáadáa. Títí di òní, àjọ FIA tó ń darí ìdíje ọkọ̀ lágbàáyé ní ìlànà fún bavette ọkọ̀ ìdíje: ó kéré tán kó nípọn tó mìlímítà 4, kó fẹ̀ tó táyà, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ má sì ga ju sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró láìsí ènìyàn nínú. Bí àwọn tó ń sáré jẹun bá ka rọ́bà sí tó báyìí, kí ni táásì tó ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn fẹ́ fi ṣe àwáwí?

Síbẹ̀, ìwọ̀n àwọn onídìje kò bá ọkọ̀ Bassila mu délẹ̀délẹ̀. Ènìyàn méjì péré ni ọkọ̀ ìdíje ń gbé. Táásì tó ń lọ sí Bantè gbé èrò, ó gbé iṣu, ó tún di àpò kajú sí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì wọlẹ̀. Rọ́bà tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 10 sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo á máa wọ́ nílẹ̀ nígbà tó bá kún, dos d'âne, òkè kékeré tí wọ́n fi ń dín eré ọkọ̀ kù, àkọ́kọ́ tó bá pàdé á sì fà á já. Ìgbà tí ẹrù bá wà nínú ọkọ̀ ló yẹ kí mẹkáníìkì wọn ti ẹ̀yìn, kó wá fi sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 sílẹ̀ láàárín rọ́bà àti ilẹ̀.

Irú rọ́bà tí wọ́n lò tún ṣe pàtàkì. Èyí tí wọ́n gé lára táyà ọkọ̀ akẹ́rù wúwo jù, wáyà irin sì wà nínú rẹ̀ tó lè yọ jáde kó máa gún táyà tó yẹ kó dáàbò bò. Tíúbù àtijọ́ fúyẹ́ jù; afẹ́fẹ́ á gbé e sókè bí ọkọ̀ bá ti ń sáré, omi á sì gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Rọ́bà líle díẹ̀, tó nípọn tó mìlímítà 3 tàbí 4, ló dára. Kó fẹ̀ tó táyà, ó kéré tán, nítorí rọ́bà tí kò bá fẹ̀ tó á jẹ́ kí omi gba ẹ̀gbẹ́ jáde, ẹ̀gbẹ́ sì ni ènìyàn ń gbà rìn.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ti ní ihò bóòtù nínú ibi tí táyà ń yí sí, níbi tí wọ́n ti de ike inú rẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀. Ihò yẹn ni kí wọ́n lò. Bó bá di dandan kí wọ́n lu ihò tuntun, kí wọ́n fi pẹ́ńtì tó ń dènà ìpẹtà kun etí rẹ̀ kí bóòtù tó wọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí wọ́n so láti dènà ìpẹtà gan-an ni yóò bí i. Lẹ́yìn náà, kí awakọ̀ yí ọwọ́ ìdarí dé ìpẹ̀kun ọ̀tún, kó yí i dé ìpẹ̀kun òsì, kó sì wò ó bóyá rọ́bà iwájú ń ha táyà. Ẹrẹ̀ tó bá há sẹ́yìn rọ́bà, kí wọ́n máa fi omi ṣàn án kúrò lẹ́yìn òjò ńlá.

Bavette kò ní kí awakọ̀ má dẹ eré, ó sì yẹ kí ẹni tó ń gbé e lárugẹ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ bá já wọ omi jíjìn pẹ̀lú eré, iwájú táyà ló ń la omi sí ọ̀tún àti òsì, kò sì sí rọ́bà ẹ̀yìn tó lè mú ìyẹn. Ọwọ́ awakọ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí bíréèkì ló lè mú un.

Àwọn kan ń sọ pé ọkọ̀ akẹ́rù ló ni bavette, pé ó ń ba ẹwà ọkọ̀ kékeré jẹ́. Ọkọ̀ tí abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ti jẹrà kò lẹ́wà mọ́. Àwọn mìíràn ní kí ìjọba kàn da ọ̀dà sí gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ á parí. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè ọ̀nà, kí wọ́n má sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n omi ń dúró lórí ọ̀dà náà, etí ọ̀nà kò sì ní yé jẹ́ ilẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sí ilé ìwé ní oṣù kẹwàá kò lè dúró de iṣẹ́ àgbáṣe.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, òfin ọkọ̀ ti 1986 ní kí ọkọ̀ ní ohun tó ń gba ẹrẹ̀ àti omi tí táyà ń ta. Apá kẹta òfin ìrìnnà ti 1988 sì ka wíwa ọkọ̀ láìro ti ẹlòmíràn sí ẹ̀ṣẹ̀. Awakọ̀ tó bá ta omi sí ẹlẹ́sẹ̀ lè tipa rẹ̀ san 100 pọ́n-ùn, kó sì gba àmì 3 sára ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Kò pọn dandan kí Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí owó ìtanràn. CNSR, àjọ tó ń mójú tó ààbò ojú pópó, lè fi rọ́bà mẹ́rin yìí kún ohun tí wọ́n ń wò lára ọkọ̀, kí wọ́n sì fún awakọ̀ ní àsìkò láti so ó. Ìjọba ìbílẹ̀ Bassila àti àwọn ẹgbẹ́ awakọ̀ kò nílò àṣẹ láti Cotonou kí wọ́n tó béèrè rẹ̀ nínú gáréèjì tiwọn. Láti nǹkan bí oṣù kejì ni owó kajú ti ń wọlé, mẹkáníìkì kò sì tíì kún fún iṣẹ́ òjò nígbà náà. Táásì tó ń ná Manigri sí Bassila ni kí wọ́n kọ́kọ́ mú, nítorí àwọn ló ń kọjá níwájú ilé ìwé àti ọjà lójoojúmọ́. Kí ọkọ̀ aládàáni tẹ̀lé e kí oṣù kẹrin tó parí.