Ta Ni Baba Awò Náà?

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa kọ́ ọmọ pé Antoni van Leeuwenhoek, ará Delft ní ilẹ̀ Hólańdì, ni baba máíkírósíkópù, èyíinì ni awò tí í sọ ohun kékeré di ńlá. Àwa kò bá wọn fohùn ṣọ̀kan. Ní 1625, ọdún méje kí a tó bí ọkùnrin náà, Giovanni Faber ti fún awò yìí ní orúkọ tí a ń pè é títí di òní.

Wọn yóò ní, òun ni ó kọ́kọ́ rí kòkòrò àìfojúrí. Òtítọ́ ni. Oníṣòwò aṣọ tí kò gbọ́ èdè Látìn ni, ó sì kọ̀wé sí Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1676 pé àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Nígbà tí wọ́n ń ṣiyè méjì, ta ni ó gbè é lẹ́sẹ̀? Robert Hooke ni, ẹni tí ó fi àwọn ẹ̀dá náà han ẹgbẹ́ yìí ní 1677.

Hooke yìí kan náà ni ó tẹ ìwé Micrographia jáde ní 1665. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ ni ó ti fi ọ̀nà han gbogbo ẹni tí ó bá lè kàwé: kí a yọ́ dígí, kí a fà á tín-ín-rín bí òwú, kí a tún ti ẹnu rẹ̀ bọ iná títí yóò fi ká jọ di ìlẹ̀kẹ̀ róbótó, kí a sì fi í sí ojú ihò kékeré lára irin pẹlẹbẹ. Òun tìkára rẹ̀ kò fẹ́ràn láti máa lò ó, nítorí ó ṣòro lò. Síbẹ̀ kò fi í pamọ́.

Leeuwenhoek ńkọ́? Ó ṣe awò lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó dára jù lọ, kò jẹ́ kí àlejò fojú kàn án. Leibniz rọ̀ ọ́ pé kí ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó kú ní 1723, ó fi awò 26 sílẹ̀ fún Royal Society, kò sì fi ọgbọ́n àtiṣe wọn sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá gbọ́ èyí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ará Hólańdì fi ìtànṣán wo inú irin tí ó bo dígí awò rẹ̀ kan ní Utrecht, èyí tí í sọ ohun di ńlá ní ìlọ́po 270 tàbí bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n bá níbẹ̀? Ìlẹ̀kẹ̀ róbótó tí a fi iná yọ́, tí ó jọ ti Hooke gan-an! Bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé náà ni ó ti rí i, a jẹ́ pé ohun tí ẹlòmíràn ti pín fún gbogbo ayé ni ó fi ṣe àṣírí.

Kí ẹni tí ó ń pè é ní baba fi ọmọ kan ṣoṣo tí ó tọ́ ní iṣẹ́ náà hàn wá.